Jíṣẹ́ Yàtọ̀ sí Jábọ̀: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Wọ́n Ti Ka Ìwé Wa

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nínú ìpàdé kan ní Lanham tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àwọn ọ̀rẹ́ méjì ká, àwọn tí wọ́n ti ń bá ara wọn bọ̀ láti ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Ìyá ọ̀kan nínú wọn ló papò dà. Akọ̀wé fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni àìsùn, ó sì sọ gbọ̀ngàn tí a ó ti ṣe é ní Hyattsville. A lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni a kò rí, òun náà sì ni gbogbo wa mọ̀ sí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ọlọ́fọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, ọlọ́fọ̀ kò jẹ́ ìkíni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bùọ̀dá yìí dìde, ó ní, “Ẹ dákun, mi ò rí ímeèlì kankan. Ọjọ́ Àìkú ni mo tó gbọ́.” Akọ̀wé wa, ọ̀dọ́ ni, ó sì mọ̀wà hù, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀: “Bùọ̀dá, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ ti ṣí i. Alẹ́ Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Orúkọ yín ló wà níbí yìí.” Ó na tẹlifóònù rẹ̀ sókè kí a lè rí i. Ilé pa lọ́lọ́. Bùọ̀dá mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí wà lára àwọn tí wọ́n gba ẹ̀rí tẹlifóònù náà gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ojú tì mí nísinsìnyí, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ tọ pinpin rẹ̀ ni bí ọmọ ènìyàn ṣe ń wá ọ̀nà láti mọ̀ bóyá ẹni tí a kọ̀wé sí ti kà á. Ìtàn náà gùn ju ti kọ̀ǹpútà lọ, apá kan rẹ̀ sì kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa ní Prince George's County níbí.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nínú èdè wa, ẹni tí a bá rán níṣẹ́ ní ohun méjì láti ṣe: yóò jíṣẹ́, lẹ́yìn náà yóò padà wá jábọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni, nítorí pé nǹkan méjì ni. Ọmọ tí ó jíṣẹ́ tán tí ó gba ibẹ̀ lọ ṣeré, àwọn ìyá wa kò ní gbà pé ó jẹ́ iṣẹ́ náà rárá. Ìbéèrè tí wọn yóò bi í nígbà tí ó bá dé kì í ṣe “Ṣé o fún wọn?” nìkan. “Kí ni wọ́n wí?” ni.

Àrokò náà kò kúrò lábẹ́ òfin yìí. Charles Andrew Gollmer, òjíṣẹ́ CMS tí òun àti Àjàyí Crowther pẹ̀lú Henry Townsend jọ dé Badagry ní oṣù Kíní ọdún 1845, kọ nípa àrokò wa sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ kan ní London ní 1885. G. W. Bloxam tún kọ nípa ti àwọn ará Ìjẹ̀bú ní 1887. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn ni a fi ní àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn bàbá wa kò kọ sílẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin a so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, a fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin tí ó wù ú. Ẹ̀fà nìyẹn: ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọmọbìnrin náà bá gbà, a dá owó ẹyọ mẹ́jọ padà. Ẹ̀jọ nìyẹn: ọ̀rọ̀ tèmi tìrẹ jọra. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀jọ yìí ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó sọ pé àrokò dé, ó sì sọ pé ẹni tí ó gbà á mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò lóye ẹ̀fà kò lè dá ẹ̀jọ padà.

Bí ọmọbìnrin náà kò bá dá nǹkan kan padà ńkọ́? Ọmọkùnrin ṣì ní ẹni tí ó rán. Yóò pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: “Nígbà tí o gbé e lé e lọ́wọ́, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí? Ṣé ó rẹ́rìn-ín? Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?” Oníṣẹ́ ni ẹ̀rí. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí láti ìgbà tí òyìnbó ti mú oníṣẹ́ kúrò láàárín ni wọ́n ti ń wá ohun tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti mú un kúrò kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá ń gbé agbègbè yìí mọ ọ̀nà rélùwéè tí ó gba Hyattsville, Riverdale Park, College Park àti Beltsville kọjá títí dé Laurel. Ọkọ̀ MARC tí wọ́n ń pè ní Camden Line ń gba orí rẹ̀ lójoojúmọ́ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti dúró níwájú irin ìdábùú ọ̀nà tí à ń ráhùn pé ọkọ̀ ẹrù kò tètè kọjá. Ilé iṣẹ́ Baltimore and Ohio ló ṣí ọ̀nà náà ní 1835. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Samuel Morse ta wáyà tẹlígíráàfù rẹ̀ sí láti Washington dé Baltimore, nǹkan bí 40 máìlì. Àwọn aṣòfin fún un ní 30,000 dọ́là ní oṣù Kẹta 1843. Ó kọ́kọ́ fẹ́ ri wáyà náà mọ́lẹ̀. Ó ti ná púpọ̀ nínú owó náà kí ó tó hàn sí i pé wáyà inú ilẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Ni wọ́n bá ri òpó, wọ́n gbé wáyà kọ́ ọ. Ní àkókò yẹn, oko tábà ló kún ilẹ̀ yìí, àwọn ẹrú, àwọn ènìyàn dúdú bíi tiwa, ló sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Orí wọn ni ìròyìn ń gbà kọjá. Kò sí ẹni tí ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1844, wáyà náà kò tíì dé Baltimore. Annapolis Junction ló dé. Ẹgbẹ́ òṣèlú Whig ń ṣe àpéjọ wọn ní Baltimore lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fa Henry Clay kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Àwọn tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ló gbé ìròyìn náà dé Annapolis Junction. Alfred Vail, igbákejì Morse, gbà á lẹ́nu wọn, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí wáyà. Kí ọkọ̀ náà tó dé Washington, àwọn ará ìlú ti gbọ́. Ẹni tí ó sáré gbé ìròyìn wá bá a pé ó ti di àná.

Ní ọjọ́ 24 oṣù náà ni wọ́n ṣe èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Annie Ellsworth, ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ Morse, ló yan ẹsẹ̀ Bíbélì kan nínú ìwé Númérì orí 23. Morse tẹ̀ ẹ́ láti ilé àwọn aṣòfin ní Washington, Vail sì gbà á ní Baltimore. Ohun tí Vail ṣe lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn fi ń ṣe kékeré. Kò kàn sọ pé “Mo ti gbà á.” Ó tẹ gbogbo ẹsẹ̀ náà padà sí Morse bí ó ṣe rí. Ọgbọ́n ni èyí. Ẹni tí ó bá ní òun gbọ́ lè má gbọ́. Ẹni tí ó bá wí ohun tí a wí padà, kò sí iyèméjì.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn èyí ni ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ Democrat ń ṣe àpéjọ tiwọn ní Baltimore. Wọ́n fa James Polk kalẹ̀ fún ààrẹ, wọ́n sì fa Silas Wright, aṣòfin láti New York, kalẹ̀ fún igbákejì rẹ̀. Wright kò sí níbẹ̀, Washington ló wà. Wọ́n tẹ wáyà sí i. Ó dá wọn lóhùn lórí wáyà kan náà pé òun kò gbà. Kí ni àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí ṣe? Wọn kò gbà á gbọ́. Ta ló rí Wright? Ta ló gbọ́ ohùn rẹ̀? Wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà dúró, wọ́n sì rán aṣojú lọ sí Washington láti lọ bi í lẹ́nu. Èsì kan náà ni aṣojú gbà bọ̀. Wọ́n wá mú George Dallas dípò rẹ̀. Àwọn kan fi wọ́n rẹ́rìn-ín nítorí èyí, ṣùgbọ́n èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Wáyà ti jíṣẹ́. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò jábọ̀.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ń wá irú rẹ̀ fún lẹ́tà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1855 ni wọ́n ti ń gba lẹ́tà rẹ́jísítà ní Amẹ́ríkà: lẹ́tà a ní nọ́ńbà, a sì kọ gbogbo ọwọ́ tí ó bá gbà kọjá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti ìwé pélébé tí ẹni tí ó gba lẹ́tà ń fọwọ́ sí, tí wọ́n ń dá padà fún ẹni tí ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ló ń fọwọ́ sí i. Kò sọ ẹni tí ó kà á. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi ni mò ń ka lẹ́tà fún ìyá àgbà mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ̀wé láti òkè òkun, ó ní kí wọ́n nà mí dáadáa nítorí èsì ìdánwò mi. Mo ka lẹ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fo ìlà mẹ́ta. Ìyá àgbà gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì fún mi ní àkàrà. Bí ìwé ìfọwọ́sí bá lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé lẹ́tà rẹ̀ dé, òótọ́ ló sọ.

Ní 1971 ni Ray Tomlinson fi ímeèlì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì lórí nẹ́tíwọ̀kì ARPANET. Agbègbè wa kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí: ní ìparí àwọn ọdún 1980, SURAnet, nẹ́tíwọ̀kì tí ó so àwọn yunifásítì gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà pọ̀, College Park ni ibùdó rẹ̀ wà. Àwọn tí wọ́n ń ṣètò ímeèlì tètè rí i pé àwọn ènìyàn yóò béèrè fún àbọ̀. Àwọn kan ń kọ ìlà kan sórí ìwé wọn tí ó ní kí kọ̀ǹpútà tí ó bá gbà á dáhùn. Ṣùgbọ́n kí ni ìdáhùn náà ń sọ? Kìkì pé ìwé ti dé inú àpótí. Jíṣẹ́ ni, kì í ṣe jábọ̀. Ní 1996, wọ́n fi èyí sínú ìlànà tirẹ̀, ìròyìn nípa dídé.

Ìlànà nípa kíkà jáde ní oṣù Kẹta 1998. RFC 2298 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni Roger Fajman, òṣìṣẹ́ National Institutes of Health ní Bethesda, ní Montgomery County tí ó múlé tì wá. Àwọn kan nínú wa ń ṣiṣẹ́ ní Bethesda, ó sì dà bí ẹni pé wọn kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wá. Mo ti ka ìlànà náà. Ó gbẹ bí ẹ̀kọ tí kò ní ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àgbà wà nínú rẹ̀. Níbi tí ó ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún pé a ti fi ìwé hàn, ó kìlọ̀ pé ohun tí èyí ń sọ ni pé a ti fi ìwé náà hàn ẹnì kan tí ó ń wo inú àpótí ẹni tí a kọ ọ́ sí. Kò fi dá ẹnikẹ́ni lójú pé ó kà á, ká má tilẹ̀ sọ pé ó yé e. “Ẹnì kan”: ọmọ, ìyàwó, ọmọ ọmọ tí ó fo ìlà mẹ́ta. Ó tún kìlọ̀ pé ènìyàn lè ṣe ayédèrú irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ó ṣe lè ṣe ayédèrú ímeèlì èyíkéyìí.

Ó sì gba àwọn tí ń ṣe ètò ímeèlì níyànjú gidigidi pé kí wọ́n gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tí ó ni àpótí kí wọ́n tó rán àbọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà fi ń bi yín pé ẹni yìí fẹ́ mọ̀ pé ẹ ti ka ìwé rẹ̀, ṣé kí á sọ fún un? Ìlànà yẹn tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó gbà á kò fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ó fi ìwé náà ṣe. Èyí pa mí lẹ́rìn-ín. Ó dà bí ẹni tí à ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ tí ó pariwo láti yàrá pé òun kò sí nílé. Wọ́n tún ìlànà náà ṣe ní 2004 àti ní 2017, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ẹni tí ó gba ìwé láti dákẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀tọ́ yìí ni àwọn oníṣòwò kò fẹ́. Wọ́n wá ọ̀nà ẹ̀yìn. Wọ́n á fi àwòrán kan sínú ímeèlì, àwòrán tí kò ju ẹyọ àmì kan lọ, tí kò láwọ̀, tí ojú kò lè rí. Àwòrán náà kò sí nínú ìwé gan-an. Kọ̀ǹpútà ẹni tí ó ń kàwé ni yóò lọ bù ú wá láti ilé ẹni tí ó kọ ọ́. Àwòrán oníkálukú ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ti lọ bù ú báyìí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀: lágbájá ti ṣí i, aago báyìí. Kò sí ẹni tí ó béèrè àṣẹ.

Ní 2006 ni ọ̀rọ̀ irú rẹ̀ di ariwo. Ilé iṣẹ́ Hewlett-Packard ń wá ẹni tí ń tú àṣírí ìgbìmọ̀ olùdarí wọn fún àwọn oníròyìn. Àwọn aṣèwádìí wọn fi orúkọ èké kọ ímeèlì sí oníròyìn kan, wọ́n sì fi ohun atọpasẹ̀ sínú rẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹni tí yóò fi ránṣẹ́ sí. Patricia Dunn, alága ìgbìmọ̀ náà, fipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn aṣòfin sì pè wọ́n wá wí tẹnu wọn ní Washington. Ní 2019, ariwo tún sọ lórí Superhuman, ètò ímeèlì kan tí ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ṣí ìwé àti ibi tí ẹni náà wà nígbà tí ó ṣí i. Ní oṣù Keje ọdún náà ni wọ́n yọ ti ibi tí ẹni náà wà kúrò.

Àwọn tí ń dáàbò bo òǹkàwé náà kò sùn. Ní oṣù Kejìlá 2013, Gmail bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tirẹ̀ bu àwòrán wá fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, Apple ṣe èyí tí ó kàn wá jù. Ó fi ètò kan sínú ímeèlì orí tẹlifóònù rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà á láyè, ẹ̀rọ Apple fúnra rẹ̀ ni yóò máa lọ bu gbogbo àwòrán wọ̀nyí wá lábẹ́lẹ̀, yálà ẹni náà ṣí ìwé tàbí kò ṣí i. Ẹni tí ń yọjú láti ìta yóò rí i pé gbogbo ìwé ni a ti ṣí. Nítorí náà kò rí nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ yára ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé ìpàdé yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà wá kí mi, mo sì ro ẹjọ́ náà fún un. Ìbéèrè méjì péré ló bi mí: “Bùọ̀dá, irú tẹlifóònù wo ni wọ́n ń lò? Níbo ni tẹlifóònù ọ̀hún wà ní aago mẹ́wàá alẹ́ yẹn?” A pè é. iPhone ni. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe lóru, ó ń ṣe tirẹ̀, ó tún ń ṣe ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá lọ́sẹ̀ náà. Ó gbàgbé tẹlifóònù sílé lálẹ́ Ọjọ́rú yẹn. Lórí tábìlì ilé ìdáná ló wà tí ó ń gba iná. Kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Kò sí ẹni tí ó ṣí ìwé kankan. Ẹ̀rọ ló lọ bu àwòrán wá, ètò tí akọ̀wé wa fi ń kọ̀wé sí ẹgbẹ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ Bùọ̀dá.

Mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé ọlọ́fọ̀ ní Bowie. Ó gbọ́ àlàyé náà tán, ó dákẹ́, ó wá ní, “Ká ní ẹ kò wá, mi ò bá ti gbé e wọ sàréè.” Mo mọ̀ pé ohun tí ó dùn ún jù kì í ṣe pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò wá. Ohun tí ó dùn ún ni pé ó rò pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀, kò sì wá. Kí ẹ̀rọ tó dé, irú ìbànújẹ́ yìí kò wọ́pọ̀. Lẹ́tà tí kò ní èsì, a lè dá ilé ìfìwéránṣẹ́ lẹ́bi. Mo rí i lára àwọn tiwa láti oṣù Kọkànlá 2014 tí WhatsApp ti sọ àmì méjì di aláwọ̀ búlúù. Ìyá ní Ìjẹ̀bú Òde rí búlúù, ó bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ṣe fún ọmọ òun ní Maryland tí kò fi dáhùn. Ọmọ sì wà lórí títì I-495, ó fojú kan ìwé náà níbi tí mọ́tò dì sí, ó ní òun yóò dáhùn bí òun bá délé, oorun gbé e lọ.

Akọ̀wé wa ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bùọ̀dá, wọ́n sì ti jọ jẹun. Kò wo àkọsílẹ̀ ṣíṣí yẹn mọ́. Nígbà tí ó tún fi ìwé ránṣẹ́ nípa ìsìnkú, ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé kí ẹni tí ó bá ti kà á fi ọ̀rọ̀ kan dáhùn, ẹni tí òun kò bá sì gbúròó rẹ̀, òun yóò pè é lórí tẹlifóònù. Àwa mẹ́tàdínlógún ló dáhùn. Ó fi ọjọ́ méjì pe àwọn yòókù, ó ní ohùn òun fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Ti Bùọ̀dá ló kọ́kọ́ wọlé. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i, nọ́ńbà 8 ló tẹ̀. Akọ̀wé ní àṣìtẹ̀ ni, ó pè mí kí n bá òun wò ó.